Ọkùnrin Kan Ṣoṣo tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀ ní Ìbàràpá

Bí ẹ bá bi ará Ìbàràpá léèrè pé iṣẹ́ ńkọ́, "a dúpẹ́" ni ẹ máa gbọ́. Ilé rẹ̀ lè ti jó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. A dúpẹ́ náà ni. Àwọn àgbà tó kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní ìdí tiwọn: wọ́n ní èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ ṣẹ́ èpè fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi rí ohun tí "a dúpẹ́" fojú Abọ́sẹ̀dé rí, ìyàwó Malachi afunfèrè, tí ilé wọn àti tiwa kọjú síra ní Èrúwà níbí. Láti ìgbà náà, inú máa ń bí mi tí mo bá ti gbọ́ ọ.

Igangan ni wọ́n bí Abọ́sẹ̀dé sí. Bàbá rẹ̀ ń gbin iṣu, ìyá rẹ̀ ń tà á, àwọn méjèèjì sì fi owó iṣu rán an wá sí ilé ìwé gíga ní Èrúwà kó wá kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ọmọ tó fẹ́ràn kó máa ka nǹkan ni. Tí ẹ bá jọ ń rìn, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń ka igi ẹ̀bá ọ̀nà, àfi tó bá sọ iye rẹ̀ fún yín láìjẹ́ pé ẹ bi í. Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ti rí Malachi. Malachi ń fun fèrè idẹ níwájú àwọn akọrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ọmọ tó fi àkàrà méjì sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Abọ́sẹ̀dé sì gbàgbé iye èèyàn tó ti kà dé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun kò ṣi nǹkan kà rí kó tó di ọjọ́ náà.

Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí Ṣèyífúnmi, ara sì tù wọ́n. Inú ẹgbẹ́ olórin tí Gbénró jẹ́ olórí fún ni Malachi wà. Ìsìnkú ni o, ìwúyè ni o, ìkórè ni o, ìṣílé ni o, láti Èrúwà dé Igangan, àwọn ni wọ́n máa ń pè. Tó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, a kì í rí Malachi mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Tó bá sì dé, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ òórùn ẹran tó gbé bọ̀ láti òde, Ṣèyífúnmi á sì gbé tiwa wá nínú abọ́.

Kò sí ọjọ́ kan tí a lè nàka sí pé ọjọ́ yìí ni iṣẹ́ náà bàjẹ́. Àwọn tó ń sìnkú kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọkùnrin kan péré, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti sípíkà ńláńlá méjì, dípò odindi ẹgbẹ́ tó máa kọrin tó sì máa jẹun. Ẹ̀rù ọ̀nà dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣòde mọ́jú mọ́. Ìrẹsì wọ́n, epo mọ́tò wọ́n, ẹni tó kú gan-an, wọ́n ń yára sin ín ni. Òde Gbénró dín títí ó fi ku ti ọdún Kérésì nìkan, nígbà tó yá ti Kérésì náà lọ. Síbẹ̀ láràárọ̀ ni Malachi ń wẹ̀, tó ń wọ aṣọ tó ti lọ̀, tó ń fi àkísà nu fèrè rẹ̀ títí á fi máa dán. Á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí mọ́tò ń bọ̀ wá gbé. Tí mo bá bi í pé iṣẹ́ ńkọ́, á ní, "A dúpẹ́, Màmá Gbémi. Iṣẹ́ ń lọ."

Iṣẹ́ Abọ́sẹ̀dé ló ń gbọ́ bùkátà ilé nígbà náà. Àjọ kan wà ní Ìbàdàn tó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i tàbí bó ṣe ń dín kù láàárín àwọn tó ń fi ọnà àti fàájì jẹun: olórin, eléré orí ìtàgé, agbẹ́gilére, oníṣẹ́ fọ́tò, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ẹni tó ṣí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Wọ́n pín ìpínlẹ̀ wa sí agbègbè, wọ́n fi èèyàn kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ìbàràpá sì ni ti Abọ́sẹ̀dé. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, á gun ọ̀kadà lọ bá àwọn èèyàn yìí ní ìlú kọ̀ọ̀kan, á bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, á bi wọ́n ní iye èèyàn tó ń bá wọn ṣe é, á tẹ èsì wọn sínú foonu, á sì fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Òfin kan wà tí àjọ náà kò fi ṣeré: ohun tí ẹni náà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni kí o kọ, kì í ṣe ohun tí ojú rẹ bá rí.

Ohun tí ojú rẹ̀ wá ń rí nìyí. Ní Lanlate, Sàláúdéènì tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran rẹ̀, ewúrẹ́ sùn sórí bẹ́ǹṣì nínú ilé, tẹlifíṣọ̀n ti kúrò lára ògiri, ó ku ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ.

"Alàájì, ṣé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?"

"Dáadáa, ìyàwó wa. Alhamdulilahi."

"Èèyàn mélòó ló ń bá yín ṣe é?"

"Bíi ti tẹ́lẹ̀ náà ni."

Ewúrẹ́ yẹn nìkan ló ń bá a ṣe é. Abọ́sẹ̀dé kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ní Igbó-Ọrà, Làtíífàt tó máa ń kọrin níbi ìsọmọlórúkọ àti wòlíìmọ̀ ti ń dín gàrí, èéfín ti ba ohùn rẹ̀ jẹ́ débi pé ó ní láti tún èsì rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì: orin ni iṣẹ́ òun, iṣẹ́ sì ń lọ. Bí gbogbo wọn ṣe ń dáhùn nìyẹn, láti ìlú dé ìlú. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ti Ìbàràpá tiẹ̀ yàtọ̀, torí inú ń run gbogbo wọn, àwọn alángbá náà ló sì ń sọ fún dókítà pé ara àwọn le.

Ní ọjọ́ kan ni ọ̀gá Abọ́sẹ̀dé pè é láti Ìbàdàn. Ọmọ́tárá ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin tó mọ̀wé, tó sì ní ìwà. Ó ní àwọn onínúure kan fún àjọ lówó láti tún gbọ̀ngàn kan ṣe, kí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ síbẹ̀, kí wọ́n máa san owó oṣù fún wọn láti máa ṣeré fún ìlú kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Agbègbè tí iṣẹ́ ti dín kù jù ni wọ́n máa fún.

Abọ́sẹ̀dé ní, "Ọ̀gá, Ìbàràpá ni. Gbọ̀ngàn kan wà ní Èrúwà tí òjò ti ṣí lórí."

Ọmọ́tárá ní, "Màmá Ṣèyí, ẹ̀yin lẹ máa ń fi èsì ránṣẹ́ sí mi. Nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, kò sí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìbàràpá láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ máa tún yí ká. Èyí tí ẹ bá mú wá la máa fi pinnu."

Abọ́sẹ̀dé sáré wọlé tọ̀ mí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò tiẹ̀ jókòó. Kì í ṣe gbogbo Ìbàràpá ló wà lọ́kàn rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Malachi ni. Ó ti ń rí i nínú gbọ̀ngàn yẹn pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ fèrè. Ó ní, "Màmá Gbémi, ọkọ mi ń kú lọ lórí àga yẹn. Kò ṣàìsàn o, ó kàn ń kú lọ." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó lọ. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún Sàláúdéènì pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀, pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Sàláúdéènì fetí sílẹ̀ dáadáa, ó dúpẹ́, ó gbàdúrà fún un, lẹ́yìn náà ló ní iṣẹ́ òun ń lọ. Làtíífàt kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé kí n fi ẹnu tí mo fi ń kọrin sọ pé orin mi ti kú? Kí o wá kọ ọ́ sílẹ̀? Kí ó wà ní Ìbàdàn?"

"Ìyá Àmínà, ṣèbí gàrí lẹ ń dín yìí."

"Mo ń dín in ná ni. Olórin ni mí."

Ti Gbénró ló dùn ún jù, torí ó ní ọgbọ́n nínú. Gbénró ní tí òun bá sọ lónìí pé ẹgbẹ́ òun ti tú, Èrúwà á gbọ́ ọ kó tó di ọ̀la, ta ló máa wá pe ẹgbẹ́ tó ti tú sí òde? Ó ní, "Ìyàwó wa, iyì ló kù lọ́wọ́ wa. Ẹ má gbà á." Abọ́sẹ̀dé kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́.

Ilé rẹ̀ ló wá kù. Ọ̀sán ni, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́dẹ̀dẹ̀ tiwa, mo ń gbọ́ wọn. Abọ́sẹ̀dé jókòó ti Malachi, ó mú foonu dání, ó bi í gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bi àwọn ará ìta.

"Bàbá Ṣèyí, ṣé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ yín?"

"A dúpẹ́."

"Èmi ni o, ìyàwó yín. Ìgbà wo lẹ ròde gbẹ̀yìn?"

Malachi gbé fèrè rẹ̀ sórí itan. "Ìwọ kọ́ lò ń bi mí, àjọ ni. Sọ fún àjọ pé iṣẹ́ ń lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹnì kan péré bá sọ òótọ́, àwọn yòókù lè tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti Ṣèyífúnmi ṣe é."

"Mo ti fèsì, Abọ́sẹ̀dé. Kọ ohun tí mo sọ."

Kò kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ti àwọn ará ìta ni òun kò lè dá ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́, pé ẹni tí òun ń jí bá láràárọ̀, kì í ṣe irọ́ ni òun pa mọ́ ọn. Ó rò pé ẹyọ kan sàn ju òdo lọ, pé Ìbàdàn á rí ẹyọ kan yẹn, á sì mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn ọ̀fà tó ju òje lọ. Ọmọ tó mọ ìṣirò ló rò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ́tárá fúnra rẹ̀ ló wá sọ èsì fún wa. Wọ́n pe gbogbo oníṣẹ́ ọnà Ìbàràpá jọ sínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, wọ́n pín bisikíìtì àti omi, wọ́n sì fi iná ẹ̀rọ gbé àwòrán àti òǹkà sára ògiri. Malachi wọ aṣọ tó lọ̀, ó jókòó sí ìlà iwájú. Èmi tẹ̀ lé wọn lọ nítorí bisikíìtì, ẹ má jẹ́ kí n fi ara pamọ́. Ọmọ́tárá yìn wá gan-an. Ó fi ọ̀pá nàka sí àwọn agbègbè tí iṣẹ́ ti lọ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tó ń rọ̀ wálẹ̀. Ìlà tiwa tọ́ gbọọrọ. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ wo Ìbàràpá! Ní gbogbo agbègbè yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, afunfèrè kan níbí ní Èrúwà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Afunfèrè kan ṣoṣo ló wà ní Èrúwà. Bí àtẹ́wọ́ ṣe ń rọlẹ̀ ni gbogbo ojú ń yí sí ìlà iwájú, díẹ̀díẹ̀, Malachi sì ń wo ara ògiri bí ẹni pé ó ṣì ń kà á. Wọ́n fún agbègbè mìíràn ní gbọ̀ngàn. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ ibẹ̀ mọ́, Abọ́sẹ̀dé ni mò ń wò. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Malachi kò bá a jà. Ì bá sàn kó jà. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

Ohun tó wá pa mí lára ni ti ọjọ́ kejì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí Malachi bí ìgbà tí wọ́n ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Sàláúdéènì ti Lanlate wá, ó gbé iṣu wá, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." Làtíífàt ti Igbó-Ọrà wá tòun ti gàrí, ó fi ohùn tó ti há kọ orin ìtùnú díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀. Wọ́n jókòó yí i ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ wọ̀nyí, wọ́n ń káàánú ọkùnrin kan ṣoṣo tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n tọkàntọkàn. Mo fẹ́ pariwo mọ́ wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa pé kí wọ́n dìde kí wọ́n lọ káàánú ara wọn, ṣùgbọ́n Malachi ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ń ní "ẹ ṣeun, a ò ní fi irú rẹ̀ gbà á."

Gbénró ló dé gbẹ̀yìn. Ó ní fèrè yẹn, ẹgbẹ́ ló rà á nígbà tí nǹkan dára. Ó ní ẹgbẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ lánàá, tí ẹgbẹ́ bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò yẹ kí irinṣẹ́ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ojú ń tì í. Malachi wọlé, ó gbé e jáde. Ó ti nù ún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó tún fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ nu ẹnu fèrè náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé Gbénró lọ́wọ́. Abọ́sẹ̀dé wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀.

Malachi kò jókòó sórí àga yẹn mọ́. Ó gba ọ̀kadà kan lọ́wọ́ ọmọ ìjọ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èrúwà àti Lanlate. Nígbà tí oṣù mẹ́ta tún pé, Abọ́sẹ̀dé yí ká, wọ́n ní iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tó kan ti ọkọ rẹ̀, ó pe Ọmọ́tárá lórí foonu, ó béèrè bí òun ṣe máa kọ ọ́.

Ọmọ́tárá ní, "Kí ló ń ṣe báyìí?"

"Ó ń gun ọ̀kadà."

"Áà, ó ti di oníṣẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Kò sí lábẹ́ wa mọ́. Ẹ má kà á mọ́."

Abọ́sẹ̀dé jà fún un. Ó ní afunfèrè ni, pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n ṣì kà á sí, ó pariwo débi pé mo jáde síta. Ọmọ́tárá bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí èsì jáde, òdo ni wọ́n kọ síwájú Ìbàràpá. Wọ́n fi lẹ́tà ìkíni ránṣẹ́ sí Abọ́sẹ̀dé.

Malachi bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gba lẹ́tà náà, bó ṣe ń fọ eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó ní kí ló kọ nípa tòun lọ́tẹ̀ yìí. Abọ́sẹ̀dé ní, "Wọ́n ní kí n má kà yín mọ́." Malachi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì da omi tó kù sí ẹsẹ̀ kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí ọjà Lanlate. Níbi tí a ti dúró kí wọ́n da màlúù kọjá, ọkùnrin arúgbó kan ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń wò ó, ó wá sún mọ́ wa. Ó ní, "Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fun fèrè níbi ìsìnkú ìyá wa? Malachi?"

Malachi rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o, Bàbá, àwọn kàn jọra ni.